Onígíláàsì, Rọ́bọ́ọ̀tì Rẹ̀ àti Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn yàrá tí ọkọ rẹ̀ wà. Ọkọ náà gbọ́. Kò dáhùn.

Ìtàn ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe jù ú nù kí o tó kà á tán. Ẹ̀rù tó ba ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kó bà ọ́ nígbà tí ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Iṣẹ́ gíláàsì ojú ni ọkùnrin náà ń ṣe. Òun ló ń gé dígí, tó sì ń lọ etí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ títí yóò fi wọ inú férémù wẹ́kú. Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í mutí. Kì í jalè. Kì í lé obìnrin kiri. Ká ní o bi í nígbà náà bóyá ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, yóò sì ní kí o lọ wá àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ilé ọtí.

Ohun kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: rọ́bọ́ọ̀tì oníke. O lè ti rí irú wọn rí nínú àwọn fíìmù àwòrán tí wọ́n ń yà ní Jàpáànù, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tí ènìyàn ń jókòó sínú àyà wọn tí á máa wà wọ́n lọ sójú ogun bí ẹni ń wa mọ́tò. Wọ́n máa ń ta ti oníke yìí nínú páálí, ní wẹ́wẹ́, tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣì lẹ̀ mọ́ igi ike tí wọ́n dà á pọ̀ mọ́: ìka lọ́tọ̀, orúnkún lọ́tọ̀, idà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá rà á ni yóò gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi sáńpépà ha ojú àpá ibi tó ti gé wọn, tí yóò tò wọ́n, tí yóò fa yíǹkì tín-ín-rín sójú gbogbo ìlà ara wọn, kó tó wá kùn wọ́n lọ́dà.

Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àgbàlagbà tó kọ́ ọ, ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín wọn ti ká, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Eléyín, onígbàgbọ́ òdodo ni, ó sì ń to rọ́bọ́ọ̀tì títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Eléyín bá fẹ́ fọ́n ọ̀dà, a máa ṣí fèrèsé, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì pè é, a máa dìde.

Nígbà tí Onígíláàsì gbéyàwó, rọ́bọ́ọ̀tì méjì péré ló ní. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta. Wọ́n kún orí tábìlì, wọ́n kún orí fìríìjì, wọ́n sì dúró lórí kọ́bọ́ọ̀dù ibi tí aṣọ yẹ kó wà, tí wọ́n ń na ìbọn sí ẹni tó ń wá ìbọ̀sẹ̀. Àlejò tó bá wọlé á kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kó tó jókòó.

Tíṣà ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ló ń kọ́. Tíṣà ní àsímà láti kékeré. Bí ekuru bá pọ̀ tàbí tí òórùn líle bá fẹ́ sí i, àyà rẹ̀ á há, á máa dún fíì-fíì nínú, òun náà á wá ki ike oògùn kékeré aláwọ̀ búlúù kan bọ ẹnu, á fà á sínú, ara á sì rọ̀ ọ́. Ọ̀kan máa ń wà nínú báàgì rẹ̀. Èkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù oní-dígí tó wà ní pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Ṣé o mọ ohun tí Onígíláàsì ṣe? Ó fẹ́ lo kọ́bọ́ọ̀dù oní-dígí yẹn fún àwọn rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó kó gbogbo ẹrù Tíṣà inú rẹ̀ sínú páálí kan, oògùn náà wà láàárín wọn, ó sì ti páálí náà sábẹ́ tábìlì nínú yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́.

Tíṣà ní, "Ṣé yàrá ọ̀dà lẹ wá gbé oògùn èmi tí òórùn ọ̀dà ń bá jà lọ?"

Ó ní, "Má jẹ́ ká sọ ọ́ dìjà. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún pé oṣù mẹ́rin. Bàbá Eléyín rí páálí yẹn lọ́jọ́ kan tó wá kí wọn, ó sì sọ̀rọ̀ sí i. Ó ní, "Àbúrò, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tọ́jú ìyàwó rẹ. Tọ́jú ọkàn rẹ pẹ̀lú." Onígíláàsì rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó ń béèrè irú sáńpépà tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán Sátidé tí mo wí.

Rọ́bọ́ọ̀tì ńlá kan ló wà níwájú rẹ̀, funfun báláú, tí gíga rẹ̀ tó igbọ̀nwọ́ kan. Oṣù mẹ́jọ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dà ìkẹyìn ló kù, ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀, tí wọ́n máa ń fọ́n bo gbogbo iṣẹ́ kó má baà ṣí. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí ekuru bíńtín bá bà sí ọ̀dà yẹn kó tó gbẹ, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn títí láé nìyẹn. Nítorí náà, Onígíláàsì ti fèrèsé pa. Ó pa fáànù. Ó fi táwẹ́lì tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ó wá fi ìbòmú rọ́bà kan bo imú àti ẹnu, irú èyí tí kì í jẹ́ kí òórùn wọlé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, tirẹ̀ sì ni.

Ó tan ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn, ó fọ́n ọ̀dà náà láti orí rọ́bọ́ọ̀tì dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó jókòó, ó ń wo aago ara ògiri. Ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀dà náà nílò kó tó gbẹ débi tí ekuru kò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tí kò rò ni pé táwẹ́lì tó ń lé ekuru sẹ́yìn kò lè lé òórùn sẹ́yìn. Òórùn náà ti gba àárín àjà kọjá sí pálọ̀, níbi tí Tíṣà ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó gbọ́ kíkànkùn.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn Tíṣà ń já. "Àyà mi ti há. Èyí tó wà nínú báàgì mi ti tán. Ẹ bá mi mú èyí tó wà nínú páálí yẹn."

Páálí náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ yóò tó oògùn náà. Ó wo páálí, ó wo rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dán tó ṣì tutù, ó wo ilẹ̀kùn. Ó rò ó pé bí òun bá ṣí i, atẹ́gùn á fẹ́ wọlé, gbogbo ekuru ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ á ṣòfò. Ó tún rò ó pé ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí ń ṣe ìyàwó òun kọ́ nìyí, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ó wá ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ. Ó dá èémí dúró, kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ̀ pé òun ń gbọ́.

Tíṣà tún kànkùn. Lọ́tẹ̀ yìí, "ẹ jọ̀ọ́" nìkan ló rí sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Onígíláàsì gbọ́ èékánná tó ń ha ara pákó láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà á lẹ́rù. Síbẹ̀, kò dìde. Ó ní ìyàwó òun á ti lọ rọra dùbúlẹ̀. Ó wo aago.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù. Ó fi ìka kan tọ́ ẹ̀yìn rọ́bọ́ọ̀tì wò, ó ti gbẹ, kò sí ekuru kankan lára rẹ̀. Ó bọ́ ìbòmú, ó yọ táwẹ́lì, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Tíṣà ṣubú lé e lẹ́sẹ̀. Ara ilẹ̀kùn ló ti fẹ̀yìn tì láti ìgbà yẹn wá. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí ẹni tó mu yíǹkì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, kò sì wo ibì kan. Onígíláàsì ya páálí, ó fa oògùn yọ, ó kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́. Oògùn náà tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, nítorí kò sí èémí tó máa fà á wọlé. Àyà ọkùnrin náà já. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ takisí tó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé fi ju garawa sílẹ̀, tó sì sáré wọlé. Àwọn méjèèjì ló gbé e sínú takisí.

Lójú ọ̀nà, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó ń ka mímí rẹ̀. Á mí ẹ̀ẹ̀kan, á tún pẹ́ kó tó mí òmíràn. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, òógùn tútù á bo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Awakọ̀ ń fọn fèrè, ó ń ní, "Ẹ má mikàn, ẹ̀gbọ́n, a ti fẹ́ débẹ̀."

Ní ọsibítù, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ki atẹ́gùn bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àwọ̀ ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Dókítà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jáde wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ó ti tó ìgbà wo tí kò ti lè mí dáadáa kí ẹ tó gbé e wá?"

Onígíláàsì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yára jù ú lọ. "Mi ò mọ̀, dókítà. Mò ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ń pariwo, mi ò gbọ́ ọ. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bóyá mẹ́rin."

"Ṣé ó fa nǹkan símú? Ọ̀dà, epo, èéfín?"

"Rárá o."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Onígíláàsì rí i bó ṣe ń kọ ọ́, kò sì dá a dúró.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n Tíṣà fi dé, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ó ń mí hẹlẹ. Ó di ọwọ́ Onígíláàsì méjèèjì mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́run á bá mi san án fún yín o. Ká ní ẹ ò sí nílé ńkọ́? Ká ní ẹ ò sí nílé, kí là bá máa wí báyìí?"

Ó ní, "Kò tópẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Nǹkan bí aago márùn-ún ni nọ́ọ̀sì kan wá sọ fún wọn pé ara aláìsàn ti ń balẹ̀. Ó ní nígbà tí kò ti ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, tí kò sì fa nǹkan kan símú, dókítà ní kí wọ́n yọ atẹ́gùn lára rẹ̀ láìpẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù lápá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, kí ẹlòmíràn lè lo bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ké Halelúyà.

Jìnnìjìnnì bo Onígíláàsì. Irọ́ tó pa ni wọ́n fẹ́ fi tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá sọ òtítọ́, kí ni àna rẹ̀ máa ṣe? Kí ni àwọn ọlọ́pàá máa sọ? Ojú wo ló máa fi wo àdúgbò? Bí kò bá sì sọ ọ́, tí nǹkan kan wá ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ó dìde, ó tún jókòó. Ó wò yíká, kò sí ẹnikẹ́ni tó fura sí i. Gbogbo wọn ló ń káàánú rẹ̀. Amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́: ìyá rẹ̀ ló máa ń pa òwe yẹn fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ pé òwe lè bani lẹ́rù. Ó dá a lójú pé Ẹnì kan ti wà nínú yàrá tó tì pa yẹn pẹ̀lú òun, tó rí ọwọ́ òun tí kò nà, tó sì gbọ́ èémí òun tó dúró.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Eléyín dé. Awakọ̀ takisí ló sọ fún un. Ó jókòó ti Onígíláàsì lórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ojú rẹ̀.

"Àbúrò," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ojú àpá ìbòmú ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. O fọ́n ọ̀dà lónìí."

Onígíláàsì gbórí sísàlẹ̀.

"Ṣé o ṣí fèrèsé?"

"Rárá, bàbá."

"Àti oògùn rẹ̀ tó wà nínú páálí?"

Ẹkún gbọ̀n ọ́n, àmọ́ kò jẹ́ kó dún. "Bàbá, mo gbọ́ ọ. Ó kànkùn, mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n mú oògùn wá. Mo jókòó."

Ẹ̀rù ba Bàbá Eléyín náà, ó sì hàn lójú rẹ̀. Onígíláàsì ní, "Ẹ sọ nǹkan kan. Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi rẹ ni. Ó sì burú ju bí o ṣe rò lọ."

"Ṣé nítorí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì yìí ni? Ṣé kí n lọ dáná sun wọ́n?"

"Ike ni ike, àbúrò. Èmi náà ní i nílé. Bó o bá sun wọ́n lónìí, nǹkan mìíràn lo máa fi dípò wọn lọ́la, torí pé ọkàn tó lè jókòó síbẹ̀ yẹn ṣì wà láyà rẹ. Ọkàn ọ̀hún ni mo ti ń bá ọ sọ láti ọdún yìí wá, tó o ń fi sáńpépà dá mi lóhùn." Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ohun tó o ṣe fún ìyàwó rẹ lónìí, òun lo ti ń ṣe fún Jésù láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. Ó ń kànkùn, ò ń dákẹ́."

Onígíláàsì gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ṣé Ọlọ́run lè dárí ji ẹni tó gbọ́?"

"Ẹni tí kò gbọ́ kò nílò ìdáríjì. Ẹni tó gbọ́ ni Jésù kú fún. Ó mọ̀ pé o gbọ́ kó tó gbé àgbélébùú."

Níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, láàárín àwọn tó ń wúkọ́ àtàwọn tó ń dúró de káàdì, ọkùnrin tó rò pé ilé ọtí nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀ wà di ojú. Kò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, "Olúwa, mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Mo tún purọ́ lé e. Mi ò ní àwáwí. Jésù, ṣàánú mi, gbà mí. Má jẹ́ kó kú."

Bàbá Eléyín ṣe àmín. Ó wá ní, "Dìde. Lọ sọ fún dókítà."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀. Gbé ẹ̀rù náà dání, kó o ṣáà máa lọ."

Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń tú okùn atẹ́gùn. Onígíláàsì rí i pé kò ní sí àyè láti pe dókítà sí kọ̀rọ̀.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni. Ó sì fa òórùn ọ̀dà símú, àti ti tínà tí mo fi pò ó, ó kún gbogbo ilé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún ni?"

"Mò ń wo aago. Mo gbọ́ nígbà tó kànkùn. Mi ò ṣí i, nítorí ọ̀dà mi kò tíì gbẹ."

Dókítà kò bú u, kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti yíjú padà sí wọ́ọ̀dù. "Nọ́ọ̀sì! Ẹ fi atẹ́gùn yẹn sílẹ̀! Kò ní lọ síbì kankan mọ́. Ẹ lọ bá mi pe ẹnì kejì mi wá."

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ń wo Onígíláàsì bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́nu ilẹ̀kùn?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ó nu ọwọ́ tó fi dì í mú lẹ́ẹ̀kan mára aṣọ rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún. Onígíláàsì kò tẹ̀ lé e, kò sì wí àwíjàre kankan.

Wákàtí kan kò tíì pé tí àyà Tíṣà fi há padà lójijì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Onígíláàsì ń wò ó láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn. Ó rí i bí ara ìyàwó rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n rìrì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan dì mú nínú afẹ́fẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Dókítà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo irinṣẹ́ wà nítòsí, nítorí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń retí. Nígbà tí wọ́n jáde, òógùn bo dókítà obìnrin náà. Ó ní, "Ó ń mí. Ká ní wọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ló wà, kí wọ́n tó wá pè mí, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ." Ó kọjá lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Tíṣà la ojú. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wọlé. Kò jókòó sórí àga. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pe méjì: páálí, ọ̀dà, kíkànkùn, èémí tó dá dúró, irọ́ tó pa fún dókítà. Ó tún sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, pé òun ti fi ayé òun fún Jésù.

Tíṣà jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹ ti pa ẹ̀rọ yẹn kí n tó kànkùn. Gbogbo ilé ló dákẹ́. Mo gbé etí sára ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ẹ̀ ń mí, mo sì gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ dá a dúró."

Ara ọkùnrin náà bù máṣọ. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti bi ọ́ ní ìdájí. Nọ́ọ̀sì náà bi ọ́. Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Mò ń dúró dè yín."

"Ká ní mi ò sọ ọ́ ńkọ́?"

"Mi ò bá tí padà sí ilé yẹn mọ́." Omijé ṣàn bọ́ sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i. "Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí o. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ kó dùn mí tán."

Ó di ọwọ́ náà mú, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yára.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, ibi tí mò ń mú ọ bọ̀ láti àárọ̀ nìyí. Ìwọ lè má to rọ́bọ́ọ̀tì. O lè má mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀dà ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o ti ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ń yìn ọ́ lé lórí. Bí o ṣe ń ka gbólóhùn yìí, ó ti wá sí ọ lọ́kàn. Má ṣe yí ojú kúrò níbẹ̀.

Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìṣẹ́jú tó ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe nítorí àtimọ̀ ló fi ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ó ń dúró dè ọ́ kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí ó lè dárí rẹ̀ jì ọ́ nítorí Ọmọ rẹ̀ tó kú, tó sì jíǹde. Sùúrù rẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní dúró mọ́. Ilé tí ìwọ àti òun kò ní jọ gbé, má jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ti rí fún ọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi tí mò ń kọ̀wé.

Nígbà tí Onígíláàsì dìde lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò mọ̀ pé àkókò tó kù kò tó wákàtí kan. Ká ní ó sọ pé kí òun kọ́kọ́ lọ sinmi, kí òun sọ òtítọ́ tó bá di àárọ̀, òkú ni ì bá bá. Ìwọ ńkọ́, èló ló kù fún ọ? O ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, má ṣe pa ìwé yìí dé kí o wá ní ó dìgbà tí àyè bá yọ. Níbi tí o wà yẹn, bóyá ojú ọ̀nà ni tàbí ibi iṣẹ́, pe Jésù lórúkọ kí o sọ fún un pé: "Olúwa, èmi ni mo ṣe é." Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, jẹ́ kó máa bà ọ́, kí o ṣáà sọ ọ́ lónìí, nígbà tí èémí ṣì wà nímú rẹ láti fi sọ ọ́.